Oní- inú "ìtọ́jú onímọ̀-ọgbẹ́" yẹn kò bá mi lára mu

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé "ìtọ́jú onímọ̀-ọgbẹ́" wá pé òun ni ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trauma-informed care, ìyẹn ìtọ́jú tí a ń ṣe pẹ̀lú ìrántí pé ọkàn aláìsàn lè ti gbọgbẹ́ rí, ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo ka gbogbo èsì tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní ó gùn jù, ẹnì kan ní òun ò fẹ́ ọgbẹ́ rárá, jìnnìjìnnì lòun fẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí, ìyẹn oní- tó bẹ̀rẹ̀ onímọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Onímọ̀ èdè. Onímọ̀ ẹ̀rọ. Onímọ̀ ìṣègùn. Ta là ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹni tó jókòó ti iṣẹ́ kan títí tó fi di tirẹ̀ ni. Onílé ló nilé, onímọ̀ ló nìmọ̀. Tí mo bá wá gbọ́ "ìtọ́jú onímọ̀-ọgbẹ́", yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, tí ògbóǹtarìgì kan jókòó sí, tí wọ́n ń darí àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ lọ bá. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà, ó sì dára. Ẹ fún òun ní oní-. Èyí tí à ń wá orúkọ fún ni ti akọ̀wé tó ń gba fáìlì lẹ́nu ọ̀nà, ti ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ti dókítà eyín, ti agbẹ̀bí, ti ẹni tó ń ti aláìsàn lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán eegun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wo ọgbẹ́ ọkàn sàn. Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n má tún un dá. Maxine Harris àti Roger Fallot, àwọn onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ láti 2001: iṣẹ́ tó ń wo ọgbẹ́ náà lọ́tọ̀, iṣẹ́ yòówù tó ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ náà lọ́kàn lọ́tọ̀. Oní- ti tún dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn.

Àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ti fura sí oní-, ó wá mú "ìtọ́jú amọgbẹ́" wá, ó ní bí amòfin ṣe rí náà ni. Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìgboyà rẹ, ṣùgbọ́n dúró níbẹ̀. Mọ̀ tí a fi ń mọ òfin, ohùn ìsàlẹ̀ ló ni ín. Tó bá ti bá àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ pàdé, ìyẹn orúkọ ohun tí a mọ̀, á gòkè sí àárín: mo mọ̀, àmọ́ mo mọ ọ̀nà. Mọ tí a fi ń mọ ìkòkò, àárín ló wà tẹ́lẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá dé iwájú ọgbẹ́, ìró kan náà ni wọ́n ń mú jáde. Kí ni yóò jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ bóyá ọmọ ìyá amòfin ni amọgbẹ́ tàbí ọmọ ìyá amọ̀kòkò? Ìtọ́jú tó ń mọ ọgbẹ́ bí ẹni mọ ìkòkò! Ohun tí gbogbo iṣẹ́ yìí ń sá fún nìyẹn gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ "itoju ogbe" láìsí àmì, mo ti bẹ̀ yín títí. Ogbe orí àkùkọ wà, Ogbè inú Ifá wà. Ọ̀rọ̀ ìlera la wà yìí, ẹ fi àmì sí i.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 26. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé níbo ni mo ti gba àṣẹ ọ̀rọ̀ sísọ, ibẹ̀ ni. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo gba ẹ̀yìn yọ sí i, mo ya aṣọ tí a fi ń wé apá, ó dún fàà. Ọkùnrin náà já apá gbà, àga dojú dé, òógùn bò ó láti iwájú orí dé àyà. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò gbọ́ràn, pé ó fẹ́ jà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí mo ń pè ní ìyá mi títí di òní, gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó síbi tí ọkùnrin náà ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní: "Mo fẹ́ fi aṣọ yìí wé apá yín, bàbá. Á fún yín díẹ̀, á sì dẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ní kí n dúró, mà á dúró. Apá wo lẹ fẹ́ ká lò?" Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó na apá òsì. Ìyá ò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i rí, kò sì sọ. Títí dòní n ò mọ̀ ọ́n.

Apá rẹ̀ ni mo ń wò lọ́jọ́ náà, n ò ro ti àpá. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yẹn níbí. Èyí tí a kì í rò ni pé ẹni tó mú ekòló dání kì í mọ̀ pé ejò lòun gbé dé ojú ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé kí dókítà "kọ́kọ́ wádìí ọgbẹ́ náà." Rárá o. Nínú àwọn tó lé ní 9,500 tó dá àwọn dókítà Amẹ́ríkà Vincent Felitti, Robert Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lóhùn nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1998, ó lé ní ìdajì tó ti jẹ ó kéré tán irú ìyà kan ní kékeré nínú irú méje tí wọ́n béèrè. A kì í kọ ọ́ síwájú orí. Bí a ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́ fún ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn láìbi wọ́n léèrè àrùn, bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe èyí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Nígbà tí SAMHSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlera ọpọlọ àti oògùn olóró, to ìlànà mẹ́fà rẹ̀ ní 2014, ààbò ni wọ́n fi ṣíwájú. Ó tún wà níbẹ̀ pé kí aláìsàn ní ohùn, kó sì lè yan èyí tó fẹ́. "Apá wo lẹ fẹ́ ká lò" nìyẹn.

Sí ẹni tó ní jìnnìjìnnì: jìnnìjìnnì ń boni ni, á sì ká kúrò. Ọgbẹ́ ń jinná, àpá ń kù, àpá ò sì lè jọ ara. Ọgbẹ́ náà sì ni trauma ń jẹ́ ní èdè Gíríìkì tó ti wá. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ọkọ̀ gbá. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ PTSD, àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́rù, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, nígbà tí àwa ti ń sọ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ dá ọgbẹ́ síni lọ́kàn.

Èyí tí mo gbé wá ni "ìtọ́jú arotọgbẹ́". A-ro-ti-ọgbẹ́, bí a ṣe ń sọ pé "ẹ ro tèmi", pé "ó ro ti ọmọ kó tó sọ̀rọ̀." A- olóhùn àárín ni o, ti aṣekára, tí ẹ bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó ti di nǹkan mìíràn. Ẹnì kan á ní ro tí a fi ń roko wà níbẹ̀. Ti ló ń ṣọ́ ọ: a kì í ro ti oko ká fi gbé ọkọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ọkàn wà lẹ́yìn ọgbẹ́, kí èèyàn má lọ rò pé báńdéèjì là ń sọ. N ò gbà. Òógùn tí mo rí lára ọkùnrin yẹn, ara ló ti jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gba méjèèjì.

Ìdí tó ga jù lọ́kàn mi ni pé ó ṣeé sọ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ kì í kan egbò ọmọdé láìsọ pé "ọwọ́ mi ń bọ̀ o." Ọ̀rọ̀-ìṣe ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún kejì bá tún ń gba ẹ̀yìn yọ sí aláìsàn, mo lè pè é, kí n sọ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé: ro ti ọgbẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi onímọ̀ sọ gbólóhùn yẹn, mo ń retí yín.