Wákàtí 14 ń lọ, wọn ò tíì já ẹrù mi: kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mò ń bá wakọ̀, kò sì tíì pẹ́ tí mo gba CDL, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbéra ní aago 4 ìdájí, nígbà tó fi máa di aago 8 mo ti dé ibi tí mo ti fẹ́ já ẹrù ní Memphis. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ẹnu ilẹ̀kùn wọn, kí n máa wo iná: tó bá ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ti já a tán nìyẹn. Iná pupa ni mo ń wò títí di aago 1 ọ̀sán. Wọ́n tiẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ wọn pé awakọ̀ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Nígbà tí mo kúrò, ELD, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí wa, ní mo ṣì ní wákàtí 7 nínú 11 tí mo lè fi wakọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 14 mi, tí wọ́n ń kà láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí mi ò sì gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ tó bá ti pé, máa pé ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹrù tí mo sì tún gbé, Dallas ló ń lọ. Ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní kí n tẹ "personal conveyance" lórí ẹ̀rọ náà, bí ẹni pé ìrìn ara mi ni mò ń rìn, kì í ṣe ti iṣẹ́, kí n máa bá ìrìn mi lọ, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ oorun ti ń kùn mí. Mo páàkì sí West Memphis, mo sùn. Ẹrù pẹ́ dé, ọ̀gá bú mi bí ẹni láyin.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà síbẹ̀. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe? Ẹ má bínú, ṣé òfin wákàtí yìí tiẹ̀ ń dín àárẹ̀ kù, àbí ó kàn ń lé wa léré ni?

Bàbá Tírélà, Indianapolis

Àbúrò, má tẹ nǹkan yẹn. Ohun tí FMCSA, àjọ ìjọba tó ń ṣe òfin ọkọ̀ akẹ́rù, sọ ní 2018 ni pé tí wọ́n bá ti já ẹrù rẹ tán, o lè fi í wá ibi tó wà nítòsí tí o ti lè sùn láìséwu. Ó parí. Bí o bá gbé ẹrù oníbàárà dání tí o ń fi í lọ Dallas, irọ́ lo kọ sílẹ̀ yẹn, orúkọ rẹ ló sì wà lórí láísẹ́ǹsì, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Ọ̀nà tó bófin mu wà. Láti September 2020, o lè pín wákàtí 10 ìsinmi sí 7 àti 3. Bí o bá ti fi ọkọ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, tí wọn ò ní iṣẹ́ kankan fún ẹ, bọ́ sórí ibùsùn lẹ́yìn ìjókòó, yí ELD sí sleeper berth, kí o sì sùn lóòótọ́. Ká ní o ṣe é láti aago 9 sí 12 lọ́jọ́ yẹn, wákàtí 3 yẹn ò ní sí nínú 14. Aago 6 ìrọ̀lẹ́ rẹ á di aago 9 alẹ́. Kí aago 9 tó lù, kí o ti wà lórí ibùsùn, fún wákàtí 7 gbáko. Tí o bá wá jí, aago 12 ọ̀sán àná ni ìṣirò rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á rò pé àwọn ti ní 11 tuntun.

Àmọ́ tí oorun bá ń kùn ẹ́, da gbogbo ìṣirò yẹn nù. Òfin kan wà, 392.3: ẹni tó bá ti rẹ̀ débi pé kò lè wakọ̀ láìséwu mọ́ kò gbọdọ̀ wà á, ilé iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ ní kó wà á. Kò bèèrè iye tó kù lórí ẹ̀rọ. Láti January 2016 náà ni wọ́n ti ka fífi ipá mú awakọ̀ rú òfin wákàtí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ 90 lo ní láti fi ẹjọ́ sùn. Nítorí náà, tí ọ̀gá bá tún ní kí o máa lọ, sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù." Kí o wá máa wo bí ohùn á ṣe yí padà.

Ní ti ìbéèrè kejì, èmi ò gbà pé òfin ni ìṣòro. Máìlì ni wọ́n fi ń sanwó fún wa. Wákàtí 5 tí o fi wo iná pupa, èló ni wọ́n san? Òfin owó iṣẹ́ ti 1938, tó ní kí wọ́n san àfikún fún ẹni tó bá ṣe ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, yọ àwa sílẹ̀ títí di òní. Ọ̀fẹ́ ni àkókò wa lójú onílé ẹrù. Kí ló máa lé òun léré?

Màmá Tẹ́mi, nọ́ọ̀sì, Maryland

Ọkọ mi náà ń wa tírélà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka àwọn ìwádìí yìí lóru. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ní 2018, ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ ṣírò pé tí ìdúró nídìí ẹrù bá fi ìṣẹ́jú 15 gùn sí i, ìjàǹbá ọkọ̀ á fi ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìṣẹ́jú 15 o, kì í ṣe wákàtí 5.

ELD tí wọ́n sọ di dandan ní December 2017 ńkọ́? Àwọn olùwádìí rí i pé awakọ̀ ń pa òfin wákàtí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ìjàǹbá ò dín kù. Láwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, eré àsápajúdé ló pọ̀ sí i. Nítorí náà "lé wa léré" tí o sọ yẹn kì í ṣe àsọdùn.

Oorun ni ẹ̀rọ ò lè rí. Ẹ rántí ìjàǹbá tó ṣe Tracy Morgan, aláwàdà yẹn, ní New Jersey ní June 2014, tó pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ James McNair. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá, rí i pé awakọ̀ tírélà náà ti lajú sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 28: láti Georgia ló ti fi ọkọ̀ ara rẹ̀ rin ìrìn òru dé Delaware kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lójú ìwé, wákàtí 14 rẹ̀ ò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá lajú fún wákàtí 17 sí 19, bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05 ló ń ṣe, 0.04 lásán sì ti tó láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ onítírélà. Ọtí ṣeé wọ̀n. Kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fi fa àárẹ̀ jáde lára.

Ṣé o máa ń hanrun? Ìwádìí tí University of Pennsylvania ṣe ní 2002 rí i pé nínú awakọ̀ 100, nǹkan bíi 28 ló ní àìsàn tí èémí fi máa ń dá lójú oorun. Ìjọba fẹ́ ṣòfin lórí ẹ̀ ní 2016, wọ́n pa á tì ní 2017. Ọkọ mi ti ń fi ẹ̀rọ CPAP bo imú sùn nínú ọkọ̀. Ó ní òun ti di awakọ̀ òfuurufú; mo ní kó ṣáà máa fò ó.

Ọ̀rẹ́ Ogere

Ẹ̀yin lẹ ń ṣe fáàrí. Ní Ogere níbí, abẹ́ tírélà la ń tẹ́ ẹní sí. Iye ìrìn ni ọ̀gá fi ń sanwó, bí oorun bá dé, mọ́tò bọ́ì á gba ọwọ́ ọkọ̀. FRSC ní ká máa sinmi. Ta ló ń ṣọ́ wa? Ẹ gbé ELD yẹn wá.

Bàbá Tírélà, Indianapolis

Wọ́n á gbé e wá, ọ̀gá yín á sì ní kí ẹ máa fi orúkọ mọ́tò bọ́ì wọlé sí i. Wọ́n ń ṣe é níbí náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ọ̀gá lónìí, mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó ní òun ń wakọ̀ lọ́wọ́, òun ò lè tẹ fóònù. Mi ò tíì rí nǹkan kan. Màmá, mò ń hanrun o, ìyàwó mi ní kí n má purọ́ fún yín. Ọ̀kan ló kù: lórí I-40, láti West Memphis sí Little Rock, níbo ni ààyè ìpáàkì ṣì máa ń wà lẹ́yìn aago 7 alẹ́? Lọ́jọ́ yẹn gbogbo ibẹ̀ ti kún, ẹ̀gbẹ́ títì àbájáde ni mo há ara mi sí, ọlọ́pàá wá kan fèrèsé mi lóru.