Eérú ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ kú ilé o. Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sí, wọ́n sì ní kí a sun òkú àwọn. Eérú náà wà lókè àpótí aṣọ mi ní Yábàá, nínú ike. Wọ́n fẹ́ràn igbó Lẹ́kí tí ọ̀bọ pọ̀ sí. Ṣé mo lè dà á síbẹ̀?

— Ẹ pẹ̀lẹ́. Igbó àdáàbòbò ni. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ. Egungun tó jóná ni eérú yẹn, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá jókòó sídìí igi kan, ó lè pa á.

— Etíkun Tarkwa Bay la gbé eérú ìyá mi lọ. Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ o! Díẹ̀ fẹ́ padà sára ìró mi, bí iyanrìn kíkúnná. Mi ò lè gbọ̀n ọ́n dànù.

— Ẹ ṣeun, mà. Màá lọ tọrọ àṣẹ lọ́jọ́ Ajé.