Kí ni kí a bi àwọn olùdíje Amẹ́ríkà lórí ìpẹ̀yàrun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Sùdáánì?

Àkànjí (Houston):
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2026 ni a ó dìbò yan gbogbo ọmọ Ilé Aṣojúṣòfin Amẹ́ríkà, àwọn 435, pẹ̀lú bí ìdá kan nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin Àgbà. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Áfíríkà ní àdúgbò wa fẹ́ pe àwọn olùdíje wá bá wa sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìbéèrè tí a ó bi wọ́n lórí Sùdáánì. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti kéde pé àwọn ọmọ ogun RSF (Rapid Support Forces), tó ń bá àwọn ológun ìjọba Sùdáánì jà, ti hu ìwà ìpẹ̀yàrun níbẹ̀, síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun yìí kan náà gba ìlú El Fasher ní Dárfúrù, ní ìwọ̀ oòrùn Sùdáánì. Ìṣòro mi ni pé kò sí olùdíje kan tí yóò sọ pé òun fara mọ́ ìpẹ̀yàrun, gbogbo wọn ni yóò bá wa kẹ́dùn. Irú ìbéèrè wo ni a lè bi wọ́n tí a ó fi mọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí yóò kàn bá wa kẹ́dùn?

Ìyá Àdùkẹ́ (Maryland):
Àkànjí, o ṣeun tí o béèrè. Mo ti ń gbé orílẹ̀-èdè yìí tipẹ́, ohun tí mo sì kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ tí olùdíje bá sọ kí ó tó dépò kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ fún wa nípa ohun tí yóò ṣe tó bá débẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1968, nígbà tí Richard Nixon ń díje, ó sọ ní gbangba pé ìpẹ̀yàrun ló ń ṣẹlẹ̀ ní Biafra. (Àwọn alákìíyèsí àgbáyé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pè wá lọ́dún náà sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, n kò sì fẹ́ kí a tú u palẹ̀ níbí.) Nígbà tó di ààrẹ, ó yan ẹni tí yóò máa bójú tó ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ka Biafra sí orílẹ̀-èdè, kò sì já okùn àjọṣe òun pẹ̀lú ìjọba Gowon títí ogun fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.

Ti George W. Bush tún yí padà sódì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2000, níbi àríyànjiyàn òun àti Al Gore tí wọ́n jọ ń díje fún ipò ààrẹ, wọ́n bi í nípa Rùwáńdà, níbi tí wọ́n ti pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ènìyàn láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ní ọdún 1994. Ó ní ìjọba Clinton ṣe ohun tó tọ́ ní ti pé kò fi ọmọ ogun ránṣẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Colin Powell, tí í ṣe mínísítà rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, dúró níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ó sì pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Dárfúrù ní ìpẹ̀yàrun. Ẹ gbọ́ ohun tó fi kún un: ó ní orúkọ tí àwọn fún un yẹn kò sọ ìgbésẹ̀ tuntun kankan di dandan.

Barack Obama ṣèlérí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008 pé bí òun bá di ààrẹ, òun yóò pe pípa tí wọ́n pa àwọn ará Àméníà ní ayé ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba Tọ́kì àtijọ́, ní ìpẹ̀yàrun. Ọdún mẹ́jọ ló lò lórí oyè, kò sì pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé Tọ́kì jẹ́ ọ̀rẹ́ tí Amẹ́ríkà ń lo pápákọ̀ òfuurufú ogun rẹ̀. Joe Biden ló wá sọ ọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2021. Bí pípe ọ̀rọ̀ kan lásán nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí bàbá wa tó bí wa bá lè nira tó báyìí, ẹ wo bí ti Sùdáánì yóò ti rí, níbi tí owó àti ohun ìjà ṣì ń wọlé lónìí. Nítorí náà, má ṣe bi wọ́n bóyá wọn yóò pè é ní ìpẹ̀yàrun.

Ọmọ Sójà (Ìbàdàn):
Ẹ kú àlàyé, Ìyá Àdùkẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a wà nílé ni mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, Bush àti John Kerry, tó ń bá a díje, jọ gbà níbi àríyànjiyàn wọn pé ìpẹ̀yàrun ni ti Dárfúrù, àwọn méjèèjì sì ní kí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà lọ síbẹ̀. Kerry fi kún un pé òun lè fi ọmọ ogun Amẹ́ríkà díẹ̀ tì wọ́n lẹ́yìn bó bá di dandan. Ta ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà yẹn? Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Rùwáńdà ló pọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje lọ, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ sì fẹ̀ tó ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí wọ́n kọlu ibùdó wọn ní Haskanita ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó kéré tán, ènìyàn mẹ́wàá ló kú, méje nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Lẹ́yìn èyí ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sí i, tí ọ̀gágun wa Martin Luther Agwai sì ń darí àwọn ọmọ ogun náà. Hẹlikópítà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ayé, oṣù ń gorí oṣù, kò sí orílẹ̀-èdè tó fi wọ́n sílẹ̀, títí kan àwọn tí olórí wọn ń fi ohùn rara sọ̀rọ̀ nípa Dárfúrù. Ẹ bi olùdíje yín bóyá yóò dìbò fún owó tí wọ́n bù fún Amẹ́ríkà láti san fún iṣẹ́ àwọn apẹ̀tù-sáàwọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó náà, àbí yóò dìbò láti gé e. Ilé Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí owó náà, olùdíje náà kò sì lè ti ọ̀rọ̀ yìí sí ọrùn ààrẹ.

Àlàó (Dearborn):
Ẹ̀gbọ́n, ti owó yẹn dára, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún wọn láti dáhùn sí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà ni ojú olùdíje máa ń yí padà. Ní Michigan níbí, ní oṣù kejì ọdún 2024, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn tó lọ sí ibùdó ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, tí wọ́n sì tẹ̀ka pé àwọn kò yan ẹnikẹ́ni, láti fi bínú sí bí Biden ṣe ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn nínú ogun Gásà. Gúúsù Áfíríkà ti pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague lórí ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun, Ísírẹ́lì sì ní irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹnu wa kò kò lórí rẹ̀ níbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ìbò ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí àwọn olùdíje mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lè gba ìbò lọ́wọ́ ẹni.

Lórí Sùdáánì, àwọn kan nínú Ilé Aṣòfin, bíi Chris Van Hollen àti Sara Jacobs, ti gbìyànjú láti dá títa ohun ìjà fún orílẹ̀-èdè United Arab Emirates dúró, torí ẹ̀sùn pé ó ń fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí RSF. Orílẹ̀-èdè náà ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ńlá sì ni wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti di olùdíje mú.

Àkànjí:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo kọ rèé: «Bí a bá yàn ọ́, ṣé wàá dìbò láti dá títa ohun ìjà dúró fún orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó ń gbé ohun ìjà fún RSF, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà?»

Ìyá Àdùkẹ́:
Ó dára. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ti wà nílé aṣòfin tẹ́lẹ̀ ni, má ṣe béèrè ohun tí yóò ṣe. Ka ìbò tó dì lórí ọ̀rọ̀ náà sí i létí, kí ó ṣàlàyé rẹ̀.