Òògùn tí wọ́n ń fọ́n sára ẹṣin, ṣé ó ṣeé lò fún ológìnní?

Aránṣọ Ẹlẹ́ṣin (Sábó, Zaria)

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sì kú eruku, torí ọyẹ́ tó ní òun ń lọ yìí, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn. Láàárọ̀, ọwọ́ mi á ti gan débi pé okùn kì í wọ ojú abẹ́rẹ́. Tó bá di ọ̀sán, kí n máa wá abẹ̀bẹ̀ kiri. Kí n nu tábìlì ìránṣọ tán, kí n tó kó aṣọ lé e, mo ti lè fi ìka kọ orúkọ mi sínú eruku orí ẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bùbá àti ìró nìkan ni mo ń rán. Iṣẹ́ aṣọ ẹṣin ni mo fẹ́ràn jù. Lára àwọn tó ń gun ẹṣin jáde ní Hawan Sallah, ìyẹn ìwọ́de ẹṣin ọdún Sallah, ní Zazzau (Zaria wa níbí) máa ń kó aṣọ ìbora ẹṣin wá fún mi, pé kí n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣiṣẹ́ sí i létí, kí n tún ìbòrí ẹ̀ ṣe, kí n pààrọ̀ wajawaja tó ti já. Ààwẹ̀ ti wọlé báyìí, iṣẹ́ ti kún ilẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rán aṣọ ẹṣin gbọ́dọ̀ lọ wọn ẹṣin fúnra ẹ̀. Àwáwí ni, ẹṣin ni mo fẹ́ lọ rí. Dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Akáwàlì. Tí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á na ọrùn, á fẹ́ èémí gbígbóná sí mi létí, á wá máa fi ètè tú àpò mi bóyá kárọ́ọ̀tì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní mi ò kí òun rí bí mo ṣe ń kí ẹṣin yẹn. Mi ò dá a lóhùn.

Ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ní ológìnní kan, Ìyálóde lorúkọ ẹ̀, àwọ̀ eérú, ìrù ẹ̀ gùn. Ẹ tẹ́ ẹní fún un, kò ní sùn síbẹ̀. Ẹ gbé páálí fún un, á wò yín bíi pé ẹ bú ìyá ẹ̀. Àfi orí àrán oníṣẹ́ wúrà tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà lọ́la. Tí mo bá sì ti ọ̀dọ̀ ẹṣin dé, á gbóòórùn mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, á kọ ẹ̀yìn sí mi tìbínú-tìbínú, á wá lọ dùbúlẹ̀ lórí bàtà tí mo wọ̀ lọ.

Láti bí ìgbà díẹ̀ ló ti ń họra. Ìdí ìrù ló ń họ jù, irun ibẹ̀ sì ti ń já. Ó tún ń sín, ojú ẹ̀ kan ń ṣomi. Mo sọ fún Màlámù tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin, ló bá bu òògùn tí wọ́n ń fọ́n sí wọn lára nítorí eégbọn àti eṣinṣin sínú ìgò omi kékeré fún mi. Ó ní kí n fi omi là á, kí n fi nu ológìnní náà lára, pé ohun tó pa eégbọn ara ẹṣin, kí ni tara mágè á ṣe fún un? Ó jọ òótọ́ létí. Ṣùgbọ́n gbogbo Ìyálóde látòkèdélẹ̀ kò tó orí Akáwàlì. Mo wo ara ike tó ti bù ú, permethrin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgò náà ṣì wà lójú fèrèsé, mi ò tíì ṣí i.

Ṣé kí n lò ó? Tí kò bá ṣeé lò, kí ni kí n lò? Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ irun ológìnní lára àrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Oníbàárà kan ti bi mí bóyá awọ ẹran ni mo fi ṣe ìbòrí ẹṣin òun.

Baba Kúbwà

Ìyá aṣọ ẹṣin, ẹ kú iṣẹ́. Èyí ò le rárá. Ní Ọ̀fà tí a ti ṣọmọdé, kẹrosíìnì ni bàbá wa fi ń nu ajá lára, eégbọn kan ò jẹ́ dúró. Ẹ rẹ aṣọ díẹ̀ sí i, ẹ fi nù ún. Fún ti pé ó ń sín, ìdajì hóró parasitámọ̀ nínú wàrà. Ẹ má fojú di kòkòrò o. Eṣinṣin tsetse wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹ rántí pé apá Òkè Ọya ni Ọ̀yọ́ Ilé ti ń ra ẹṣin ogun.

Ní ti irun, ẹ lé e síta. Eku niṣẹ́ ológbò, kí ló ń wá lórí àrán?

Dókítà Ẹran

Baba Kúbwà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi kẹrosíìnì sílẹ̀ fún àtùpà. Ológìnní kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ lára ẹ̀ kó tó lá a. Á bó o lára, á tún wọ inú ẹ̀. Parasitámọ̀ yẹn gan-an ló wá burú jù. Ìdajì hóró kan lè pa ológìnní. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì á dà bí àwọ̀ ilẹ̀, ojú á wú, ó parí nìyẹn.

Ìyá wa, ẹ dá ìgò yẹn padà. Ẹṣin àti ajá lè fara da permethrin, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológìnní kò ní ohun tó máa fi tú u ká kíákíá, nítorí náà inú iṣan ló ti ń ṣọṣẹ́. Itọ́ á máa dà, etí àti ẹsẹ̀ á máa fò fìrì, ara á máa gbọ̀n, gìrì á wá mú un. Fífi omi là á kò sọ ọ́ di ti ológìnní, torí a kì í mọ bó ṣe le tó nínú ike ẹṣin. Tó bá ṣèèṣì kàn án lára, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má dúró kó máa gbọ̀n kẹ́ ẹ tó gbéra. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó kan iṣẹ́ yín: tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n òògùn náà sára ẹṣin, ẹ má gbé aṣọ tó ṣì tutù lára ẹ̀ wọlé. Orí ẹ̀ náà ló máa sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ mú òòyà olójú wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ iná orí, ẹ yà á níbi ìdí ìrù, ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí tíṣù funfun tí ẹ ti fi omi rẹ. Tí ìdọ̀tí dúdú yẹn bá tú sí pupa, ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde ni, ìgbẹ́ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò nínú irun nìyẹn. Tí kò bá tú, eruku ni. Ẹ wo ara ẹ̀ náà bóyá ojú kan pá roboto, tó ní ìpẹ́pẹ́ létí. Làpálàpá ni ìyẹn, ó ń ran ẹṣin, ó ń ran ológìnní, ó sì máa ran apá yín.

Tó bá jẹ́ kòkòrò ni, ẹ ra fipronil tàbí selamectin tí wọ́n ṣe fún ológìnní, èyí tí ìwọ̀n kìlò ẹ̀ wà lára páálí. Ẹ̀yìn ọrùn, níbi tí ahọ́n kò lè dé, ni wọ́n ń kán an sí. Ẹ má pín ti ajá sí méjì. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tó bá ṣeé fọ̀, ẹ sá a sóòrùn, torí ẹyin wọn kì í dúró lára ẹ̀, inú aṣọ àti rọ́ọ̀gì ló ń bọ́ sí.

Eruku lè mú un sín. Àmọ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá di àwọ̀ ewé, tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) ní Sámárù. Ológìnní tí kò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ bá mi béèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi níbẹ̀ náà tí kò bá tíì gbà á.

Aláṣọ Kàdúná

Àǹtí mi, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ẹ wá fi pa àrán náà síbi tí irun àrán fúnra ẹ̀ dojú kọ. Gbogbo irun ológbò á ká jọ. Ẹ má lo téèpù, á mú àrán yẹn bó.

Bàtà tó ń sùn lé yẹn, òórùn ẹṣin ló ń wá. Ẹ gba àkísà aṣọ ẹṣin kan tí wọn ò lò mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi gíga ni kẹ́ ẹ gbé e sí o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ò fi káńfọ̀ sáàárín àwọn aṣọ yẹn? Gbogbo àwa aláṣọ la ń lò ó.

Dókítà Ẹran

Aláṣọ, ọlọ́gbọ́n ni yín. Mi ò rò ó débẹ̀. Hóró funfun tí a ń pè ní káńfọ̀ lọ́jà, naphthalene ló pọ̀ jù nínú wọn, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológìnní jẹ́. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ nìkan á máa ta á lójú àti nímú.

Aránṣọ Ẹlẹ́ṣin (Sábó, Zaria)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Káńfọ̀ wà nínú àpótí tó ń sùn lé lóòótọ́. Mo ti kó o jáde, mo ti sá aṣọ, ọmọbìnrin mi sì ń gbá gbogbo abẹ́ ẹ̀rọ.

Mo fi òòyà yà á. Èmi di apá mú, ọkọ mi di ìdí mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ní “ẹ má bínú, Ìyálóde”, ọwọ́ ẹ̀ ti ya. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ bíi mélòó kan bọ́ sórí tíṣù. Mo fojú sí i, kò ṣe nǹkan kan, àfi bí ọ̀kan ṣe rọra ń yọ àwọ̀ pupa-rúsúrúsú létí, èkejì tẹ̀ lé e. Mo ti ra ti ológìnní. Làpálàpá kò sí. Ìgò ti padà sọ́dọ̀ Màlámù. Ó ní òun ò mọ̀ pé mágè ju ẹṣin lọ, ó sì lọ fi ike náà sókè, torí ológbò mẹ́ta ló ń pa eku fún wọn níbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣiṣẹ́! Páálí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọ inú ẹ̀, ó jáde, ó padà sórí bàtà. A ṣì ń bá a dúnàádúrà.

Dókítà, ẹ dákun, Akáwàlì náà ń wúkọ́ tó bá ń jẹ hárawà, ewéko ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n ń fún un. Ṣé eruku yìí náà ni?

Dókítà Ẹran

Ó ṣeé ṣe. Kí wọ́n rẹ hárawà àti koríko gbígbẹ yẹn sómi kó tó jẹ ẹ́, kí wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n so ó kọ́ lókè, kí ohun tó wà nímú ẹ̀ lè máa ṣàn jáde. Kí wọ́n má gbá ilé ẹṣin nígbà tó bá wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n wo omi tó ń mu láàárọ̀ náà, òtútù kì í jẹ́ kí ẹṣin mumi dáadáa, oúnjẹ gbígbẹ á wá dì í nínú. Tó bá ń wúkọ́ níbi tó dúró jẹ́ẹ́ sí, tàbí ara ẹ̀ gbóná, kí wọ́n má gùn ún, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí Sallah tó dé.