Fibroid mẹ́rin, PCV 26: kí la máa béèrè kó tó wọ tíátà?

ỌmọÌbarà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 34 ni, kò tíì bímọ, ó sì ń fẹ́ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tó wà nínú ìwé skáànù rẹ̀ nìyí: ilé ọmọ ti tóbi tó ti oyún ọ̀sẹ̀ 16, fibroid mẹ́rin, ìyẹn kókó tó ń hù lára ilé ọmọ, ló wà níbẹ̀, èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.2 sí 6.5, wọ́n sì kọ "intramural" sí i. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 26. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ó mú ọjọ́ fún un, ó tán. Nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́, kò sẹ́ni tó da aṣọ bò ó, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde. Ó ti búra pé òun ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ṣé iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù? Kí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ wa kó tó wọ tíátà? Báwo lobìnrin ṣe ń béèrè ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, tí kò ní dìjà? Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, àgbo ti ń bọ̀ láti Ìtòkú.

Ayàwòrán_Inú

Ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Ìwé skáànù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iye fibroid kọ́ ló ń da obìnrin láàmú, ibi tó jókòó sí ni. Ilé ọmọ ní ihò inú, ó ní ẹran ògiri, ó sì ní awọ ìta. Èyí tó bá yọ sínú ihò, tí ìwé máa ń pè ní "submucous", lè má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ kó sì máa fa ẹ̀jẹ̀ obìnrin gbẹ lóṣooṣù. Èyí tó wà lára awọ ìta, "subserous", lè tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí nǹkan oṣù má sì yí padà rárá. Àpò ìtọ̀ àti ìfun ló máa ń tẹ̀. "Intramural" ni ti inú ẹran ògiri. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kò tó. Ṣé ó ti kan awọ inú ilé ọmọ àbí kò kàn án? Ìyẹn ló máa sọ bóyá òun ló ń da ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì máa sọ bóyá wọ́n máa la ihò ilé ọmọ nínú tíátà.

Tí ẹ bá padà lọ síbi tí wọ́n ti ṣe é, ohun tí ìwé gbọ́dọ̀ sọ ni gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn ilé ọmọ, ìwọ̀n fibroid kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà, iwájú, ẹ̀yìn tàbí òkè, bó ṣe jìnnà sí awọ inú tó, bí awọ inú náà ṣe nípọn tó, ibi ẹyin méjèèjì, àti kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ni kì í wo kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ilé ọmọ tó bá ti tóbi lè tẹ òpó tó ń gbé ìtọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti kíndìnrín, kíndìnrín a wú láìsí ìrora kankan. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wò ó.

Ohun kan tún wà tó ń jọ fibroid lójú skáànù, adenomyosis lorúkọ rẹ̀. Fibroid ní ààlà, ó ṣeé bó jáde bí a ṣe ń bó ẹ̀pà. Adenomyosis ni kí awọ inú ilé ọmọ wọnú ẹran ògiri rẹ̀, kò ní ààlà. Oníṣẹ́ abẹ tó bá là á lérò pé fibroid ni kò ní rí nǹkan tó máa bó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣòfò. Tí ìwé bá ní ògiri nípọn lápá kan "láìní ààlà tó dán", kí wọ́n tún un wò láti ojú ara, tàbí kí wọ́n ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, kí ẹnikẹ́ni tó gbé abẹ.

Ti skáànù orí ikùn, kí ó mu omi bíi lítà kan ní wákàtí kan ṣáájú, kó má tọ̀. Ti ojú ara, kó tọ̀ tán kó tó dùbúlẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bo ọ̀pá skáànù níṣojú rẹ̀. Tó bá wù ú, òun fúnra rẹ̀ lè ki ọ̀pá náà bọ ara, kí a wá darí rẹ̀ látòde. Ó máa ń dín ìrora kù gan-an. Obìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin rí kì í sábà gbà á, ti orí ikùn wà.

Apòògùn_Pánṣẹ́kẹ́

PCV 26 kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé wọ tíátà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe pàjáwìrì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ fẹ́ kó tó 30 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti mú ọjọ́, ẹ béèrè pé, "PCV mélòó lẹ máa gbà?" Tí wọn ò bá dá yín lóhùn ní pàtó, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.

Ferrous sulphate ni hóró irin tó ń mú PCV gòkè. Ti 200mg ní irin tó tó 65mg nínú. Ẹyọ kan lóòjọ́ tó, ọjọ́ kan yọ ọjọ́ kan náà sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí inú rẹ̀ kò gbà á. Kó lò ó kó tó jẹun, pẹ̀lú omi ọsàn. Tíì, mílíìkì àti oògùn inú kíkan kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn, ó kéré tán wákàtí 2. Ìgbẹ́ á dúdú, kó má fòyà. Tí oògùn bá wọra tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dà mọ́, PCV lè gòkè tó bíi 3 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Tí kò bá gòkè, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà ni, tàbí kò lo oògùn, tàbí ó ń fi tíì lé e. Irin tí wọ́n ń fà sí iṣan wà fún ẹni tí ọjọ́ ti há fún.

Ṣùgbọ́n bíbu omi sínú agbè tó ń jò kò lérè. Tranexamic acid ló ń dín ẹ̀jẹ̀ kù: 1g, ìyẹn hóró 500mg méjì, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ní àwọn ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nìkan, kó má ju ọjọ́ 4 lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí dókítà kọ ọ́, kó má jẹ́ pé orí káńtà lásán la ti máa rà á.

Abẹ́rẹ́ goserelin 3.6mg tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn ní gbogbo ọjọ́ 28 lè dín fibroid kù tó ìdá mẹ́ta tàbí ìlàjì láàárín oṣù mẹ́ta, nǹkan oṣù á sì dúró kí PCV lè gòkè. Ẹ̀jẹ̀ lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara á máa gbóná fòò bí ti obìnrin tó ti ń dá nǹkan oṣù dúró. Tí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró láìṣe iṣẹ́ abẹ, fibroid á tún gbèrú. Wọn kì í lò ó ju oṣù 6 lọ nítorí eegun. Tẹ́ẹ bá máa rà á, ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀: ibi tó wà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 25°C lọ, ẹ sì mọ bí oòrùn Abẹ́òkúta ṣe rí nínú oṣù kẹta.

Ti àgbo: kò sí èyí tí a ti fi ìwádìí tó múná dóko rí pé ó ń yọ́ fibroid. Ọtí ni wọ́n fi ń rẹ òmíràn, òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òmíràn ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ara ló burú jù, ó máa ń bó ara tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ara fi ń lẹ̀ pọ̀. Tó bá ti mu ún, kó dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kó sì sọ fún dókítà tó máa kùn ún lóorun. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ má pariwo mọ́ obìnrin nítorí àgbo. Ẹni tí wọ́n bá pariwo mọ́ lónìí máa fi pamọ́ lọ́la, èyí tó fi pamọ́ náà ló máa bá a dé tíátà.

Agbẹ̀bí_Àdátán

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn ti lé àbúrò ỌmọÌbarà sá.

Kò sí ìjà nínú kéèyàn sọ̀rọ̀ ṣáájú kó tó bọ́ aṣọ. Kó jókòó, kó wọṣọ, kó sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ fẹ́ wò, kí ni yóò sì fi hàn yín? Mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì mí. Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn. Tí mo bá ní ẹ dúró, ẹ dáwọ́ dúró." Nọ́ọ̀sì tó bá mọ iṣẹ́ á ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun wà níbẹ̀. Kó mú ìró tirẹ̀ láti ilé, kó bò ó láti ìbàdí dé orúnkún, kí ó sì tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Spẹ́kúlọ́ọ̀mù, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí ojú ara, ní kékeré, ó ní ńlá. Kó ní kí wọ́n lo kékeré, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì sí i. Kó mí jáde nígbà tí wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà bá wọlé, ó lè sọ pé ẹnì kan péré ni òun gbà, tàbí kó ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì lè tìtorí ìyẹn kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀.

Ìdáhùn sí "ṣé iṣẹ́ abẹ nìkan ni": fibroid tí kò yọ obìnrin lẹ́nu, a lè máa fi skáànù ṣọ́ ọ, kì í sábà di jẹjẹrẹ, kò tó ẹyọ kan nínú 1000. Ti àbúrò yín ń da ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fẹ́ bímọ, nítorí náà yíyọ fibroid nìkan, kí ilé ọmọ dúró, ni kó béèrè, ìyẹn myomectomy. Tí èyí tó wà nínú ihò bá jẹ́ kékeré, wọ́n lè gba ojú ara fi kámẹ́rà yọ ọ́ láìla ikùn. Dídí iṣan tó ń bọ́ fibroid kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ. Kó mọ̀ ọ́n sínú pé òmíràn lè hù lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, bó ṣe rí nìyẹn.

Ní ti fọ́ọ̀mù: kó ka gbogbo rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Tí ó bá rí "± hysterectomy" níbẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n lè yọ ilé ọmọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ láti dá. Wọ́n kì í fi ìyẹn ṣeré, ó máa ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kó béèrè: ìgbà wo gan-an lẹ máa ṣe é, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú? Kí wọ́n dá a lóhùn níwájú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kó bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa dín ẹ̀jẹ̀ kù: ṣé rọ́bà ni wọ́n máa so mọ́ ọrùn ilé ọmọ, ṣé abẹ́rẹ́ vasopressin ni, ṣé oògùn misoprostol ni. Báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti bá tirẹ̀ mu gbọ́dọ̀ wà nílé kó tó sùn sórí tábìlì. Kí àwọn ẹbí tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tètè lọ, kò yẹ kó di àárọ̀ ọjọ́ náà.

ỌmọÌbarà

Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá. Wọ́n ní ọkọ gbọ́dọ̀ wá buwọ́ lùwé. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kọ̀tọ́nù. Ṣé wọ́n á dá iṣẹ́ náà dúró?

Agbẹ̀bí_Àdátán

Ọmọ ọdún 34 ni, ọpọlọ rẹ̀ pé. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 sọ pé aláìsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún, òun náà ni wọ́n ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé tirẹ̀ ni òfin ń wò. Ilé ìwòsàn lè fẹ́ kí ọkọ mọ̀, nítorí ẹjọ́ ọ̀la, ẹ fi fóònù bá a sọ̀rọ̀ níwájú wọn, àmọ́ kí wọ́n má dá iṣẹ́ tó yẹ dúró torí ẹ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí wọ́n gbé jáde ní 2018 náà sọ̀rọ̀ lórí ìyọ̀ǹda, àṣírí àti ọ̀wọ̀. Tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ìdí-Abà l'Abẹ́òkúta ní ọ́fíìsì SERVICOM, tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà kan mọ́wọ́.

Apòògùn_Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ fi èyí kún un: tó bá ní ìwé ìlera HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, ẹ gba kóòdù ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n ní kíkọ pé kí ni wọ́n máa san, kí ni wọn ò ní san. Ẹ má sanwó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, káṣíà ni kẹ́ ẹ san án fún, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Agbẹ̀bí_Àdátán

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó wálé. Wọn á yọ rọ́bà ìtọ̀ ní bíi ọjọ́ kejì, kí ó sì dìde rìn lọ́jọ́ kejì náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí ẹsẹ̀. Ibà tó ju 38°C lọ, páàdì tó kún nínú wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì, ojú abẹ tó ń sun omi tó ń rùn, ẹsẹ̀ kan tó wú, kí wọ́n padà lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Kí àwọn fibroid tí wọ́n yọ lọ sí láàbù, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀.

Kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kó gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ abẹ: fibroid mélòó ni wọ́n yọ, wọ́n wà níbo, ṣé wọ́n la ihò ilé ọmọ. Lórí èyí ni dókítà tó máa gbẹ̀bí rẹ̀ máa dúró. Tí wọ́n bá la ihò tàbí tí wọ́n gé ẹran ilé ọmọ jinlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń gba ọmọ, nítorí ojú abẹ lè ya nígbà ìrọbí. Ó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó lè gbìyànjú oyún, kí dókítà rẹ̀ ló sọ èyí tó bá tirẹ̀ mu. Kó ya ìwé náà ní fóònù, kó fi ránṣẹ́ sí yín.