Ẹ gbà mí o, MySQL ò dìde mọ́

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà: Ẹ̀yin ará, orí mi fẹ́ fọ́. Èmi ni mò ń fi MySQL (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀) tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà fún àwọn tó ń ta ẹja tútù ní Sábó. Láti àná ni iná ti ń ṣe wá bó ṣe wù ú. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbìn rèé ní Ìkòròdú wa níbí, síbẹ̀ inú òkùnkùn là ń sùn! Ọ̀gá ní èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà jẹ́, bẹ́ẹ̀ owó oṣù mi ò tíì wọlé. Ohun tí mo bá tẹ̀, èsì kan náà ni: "Can't connect to local MySQL server through socket". Kí ni kí n ṣe?

Ará Ẹ̀bútè: Ó jọ pé server (MySQL fúnra rẹ̀) ò dìde rárá nìyẹn. Tẹ `sudo systemctl status mysql`, kí o sì ka `/var/log/mysql/error.log`. Fi ìlà tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Irú ẹ̀ ṣe wá rí ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lálẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ ka èsì ìdánwò! Ọwọ́ la fi tún máàkì kọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣé o ní backup (ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí a fi pamọ́)?

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà: Mo ti ní iná ló fà á.

Bàbá Linux: Iná kọ́. Bí iná bá já, InnoDB (apá MySQL tó ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́) a máa fi redo log (ìwé àyípadà tó ń kọ sílẹ̀) tún ara rẹ̀ ṣe. Tẹ `df -h`, kí o rí àyè tó kù lórí disk. Ọjọ́ 30 ni MySQL 8 ń tọ́jú binlog (fáìlì tó ń kọ gbogbo àyípadà sí) bí ẹ ò bá yí i padà, ó sì lè kún disk.

Ìyá Ìbejì: Backup ni mo béèrè o! Ṣé wọ́n ń ta `mysqldump` tí a fi ń ṣe backup ni?

Akin: Ẹ jẹ́ kó kúkú lo PostgreSQL, ètò míì bíi MySQL.

Ará Ẹ̀bútè: Ilé ń jó, ìwọ ń wá ilé tuntun.

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà: Disk ti kún lóòótọ́, 100%. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ fáìlì kan kúrò nínú `/var/lib/mysql`, ibdata1. Mo ṣí i wò, kò sí orúkọ ẹja kankan níbẹ̀, wúruwùru lásán ni. Mi ò pa á rẹ́ o, ó wà lórí flash. Ẹ má bú mi.

Bàbá Linux: Háà! Má tún server yẹn start mọ́! InnoDB ò lè ṣiṣẹ́ láìsí fáìlì yẹn. Fi `sudo apt clean` wá àyè díẹ̀, má fọwọ́ pa binlog rẹ́. Dá ibdata1 padà, tẹ `sudo chown mysql:mysql /var/lib/mysql/ibdata1` kí fáìlì náà lè padà di ti MySQL, kí o tó wá tẹ `sudo systemctl start mysql`. Bó bá dìde, kọ́kọ́ ṣe `mysqldump` sórí disk míì, kí o tó ṣe `PURGE BINARY LOGS`, kí MySQL fúnra rẹ̀ pa binlog àtijọ́ rẹ́. Flash náà dà?

Ọmọ Ìta-Ẹlẹ́wà: Àbúrò mi mú un lọ sí Ṣàgámù láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ kó orin sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tiẹ̀ bá mi wo ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn...

Ìyá Ìbejì: Pè é! Pè é kó tó format ẹ̀!