Ẹ̀yin tí wọ́n bí fáàfù ọkàn tó yàtọ̀ mọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ọmọ Tanke: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Wọ́n ya àwòrán ọkàn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí gbogbo ara, ní ewé méjì dípò mẹ́ta. Ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ni. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Gàá Àkànbí, ìdajì ló máa ń dúró, á di irin mú, á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Oògùn ibà ni kẹ́mísì ń tà fún un. Ìgbà tó dákú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni dókítà tó gbọ́ àyà rẹ̀, tí ariwo kan ń hó níbẹ̀. Fáàfù ti le, ó ti fún.

Ọmọ Òmù-Àrán: Subhanallah!

Bàbá Ọ̀fà: Ọmọ Tanke, kí gbogbo ọmọ ìyá yín lọ ya tiwọn. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Nítorí àbúrò mi ni wọ́n fi yẹ̀ mí wò.

Àdùkẹ́: Ewé méjì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹnì kan tàbí méjì ní i. Mẹ́rin ni tèmi! Tèmi ò fún, jíjò ló ń jò, torí àwọn ewé náà kì í pàdé dáadáa láàárín.

Ọmọ Òmù-Àrán: Mẹ́rin kẹ̀?

Aláàánú: Ṣebí ọ̀fun dídùn ló ń fà á? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò mi nìyẹn, oríkèé rẹ̀ á wú.

Àdùkẹ́: Ìyẹn yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n. Tọ̀hún, àìsàn ló ba fáàfù jẹ́. Tiwa, látinú oyún ni.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ti fi onírin pààrọ̀ tọkọ mi. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni yóò máa lò títí ayé, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀fọ́ mọ́.

Bàbá Ọ̀fà: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Onírin ni tèmi náà báyìí, mo sì ń jẹ ẹ̀fọ́. Kí n má kàn jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí n pa á tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó máa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé.

Ìyá Ìbejì: Àmàlà láìsí ewédú ti sú u o! Màá bi dókítà.

Ọmọ Òmù-Àrán: Àgbo ńkọ́?

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àgbo pọ̀ mọ́ warfarin. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya. Bàbá Ọ̀fà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ eyín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà eyín pé fáàfù onírin wà lára yín.

Ọmọ Tanke: Mo ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìyá mi. Èyí tó wà l'Ékòó ní kò sóhun tó ń ṣe òun.

Bàbá Ọ̀fà: Kò sóhun tó ń ṣe èmi náà nígbà tí wọ́n rí tèmi. Kó lọ.